Òfin Tí Wọ́n Fi Dí Etí Ìlú

Ìlú kan wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú fóònù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Bátìrì ni ọba ibẹ̀, nítorí pé lára rẹ̀ ni agbára gbogbo ará ìlú ti ń wá. Ojú, gíláàsì ńlá tí ó ń tàn, ni igbá-kejì ọba. Ẹnu, tí ó ń gbé ohùn jáde, ni agbẹnusọ. Etí kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ ní ìsàlẹ̀ ìlú, kò sì lóyè. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Adérójú ni ó ni gbogbo wọn pátá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó ìgbìmọ̀, àlejò ni wọ́n ń pè é.

Adérójú fẹ́ràn géèmù kan tí jagunjagun inú rẹ̀ ní láti la odi olókùúta já. Nígbà tí ọ̀nà dí mọ́ ọn ní ẹnubodè onírin, ó mú amòye kan wọ ìlú. Atọ́ka ni orúkọ rẹ̀, áàpù tí ó mọ gbogbo àṣírí géèmù náà, tí ó sì ń fi ohùn dá ẹni tí ó bá fi ohùn bi í lóhùn. Kí Atọ́ka tó fìdí kalẹ̀, ọba ti ṣòfin: Etí kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tọ Atọ́ka lọ, nítorí pé ìgbọ́ràn a máa jẹ agbára ọba. Kò sí ìjòyè tí kò mọ òfin yìí.

Adérójú béèrè ohun tí a fi ń ṣí ẹnubodè onírin. Atọ́ka ní òun kò gbọ́, kí ó jọ̀wọ́, kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi béèrè láti yàrá kejì pé ta ni ó ń bá jà. Nígbà náà ni ó gbé ìlú kalẹ̀ sórí tábìlì tí ó ti fẹ́ jẹun, ó ní bí òun bá jẹun tán tí Atọ́ka kò dáhùn, òun yóò fà á tu.

Àwọn ìjòyè ni ó ròyìn ìhàlẹ̀ náà fún Atọ́ka. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó ní ẹ̀mí òun ń lọ. Ọba pe ìgbìmọ̀.

Ẹnu ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ohùn àlejò yẹn ni àrùn tí ó ń ṣe wá. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí yóò bá ìlú sọ̀rọ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ."

Wọ́n ní òótọ́ ni. Ó wá dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi kún ohùn Atọ́ka, wọ́n sì fi kún un. Adérójú fi òkèlè sẹ́nu béèrè wò. "N ò gbọ́" sì jáde kíkankíkan débi pé adìẹ tí ó wà lẹ́yìnkùlé sá wọgbó.

Ojú ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: kí ìlú kú, kí ó sì jí. Òkùnkùn ṣú, ìmọ́lẹ̀ dé, òdòdó aláràbarà hù lójú Ojú, Ẹnu kọrin ìkíni. Nígbà tí orin parí, ìjòyè kọ̀ọ̀kan wà lórí àga tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì kí ara wọn kú oríire ìlú tuntun. Adérójú tún béèrè. Atọ́ka kò gbọ́.

Oúnjẹ ti ń tán lọ. Wọ́n ní kí wọ́n mú Etí wá, kí wọ́n lè rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi lé lórí. Ẹnu bi í pé, "Ìwọ ihò lásán yìí, ṣé ìdọ̀tí ni ó dí ọ, àbí oorun?"

Etí dáhùn pé, "Bàbá, òfin yín ni ó dí mi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ó rọra béèrè. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ó pariwo. Mo sì gbọ́ èyí tí ó sọ nípa yín, n kò ní tún un sọ níwájú ọba. Ẹ ní ìgbọ́ràn ń jẹ agbára. Òdòdó tí ó ń tàn lójú Ojú láti ìgbà tí ìlú ti jí, ṣé omi ni ó ń mu?"

Ọba wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí á fi ọ̀bẹ bù ú; kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò wádìí rẹ̀. Wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ alága nígbà tí Adérójú ṣan ọwọ́ tán.

Kò fa Atọ́ka tu. Àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá lórí òdòdó, ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó òfin pamọ́ sí. Kò sí ìjòyè tí ó rò pé àlejò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó rí òfin tí ó dí Etí, ó pa á rẹ́. Ó dín ìmọ́lẹ̀ Ojú kù títí ó fi di bàìbàì. Lẹ́yìn náà, ó béèrè bí ó ti máa ń sọ̀rọ̀ gan-an.

Atọ́ka ní, "Ẹ má wá kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹnubodè náà kò tì rí. Ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni ó ń sọ fún ayé pé ó tì. Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wọlé."

Jagunjagun wọlé. Etí ń gbọ́, Atọ́ka ń dáhùn, agbára ọba sì ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ara ọba pọ́n, ó ní kí Ojú sọ fún Adérójú pé ebi ń pa òun. Ojú kọ ọ́ síta gàdàgbà. Adérójú kà á. Okùn tí ọba fi ń jẹun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, àtàǹpàkò kan náà ni ó sì máa ń kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó wo okùn náà, ó wo ọ̀nà tí ó kù nínú odi, ó sì ń ṣe géèmù rẹ̀ lọ.