Àwòrán Obìnrin Panápaná

"Bàbá, àṣíborí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó dé e sórí ni, àbí ó gbé e lọ́wọ́?"

Kàsímù atẹ̀wé ti béèrè ìbéèrè mẹ́rin, Odùbánjọ kò tíì rí ọ̀kan dáhùn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù náà, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Ajah, ó ń nu awò ojú rẹ̀ bí ẹni pé abẹ́ ìdọ̀tí ibẹ̀ ni àwòrán náà sá sí.

"Obìnrin panápaná inú eré tẹlifíṣọ̀n yẹn ṣá ni," ó ní. "Ọmọ mi ló yà á. Ọ̀dọ̀ yín ló ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ títì ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì yìí."

"Há, bàbá! Gbogbo ọmọ iléèwé àdúgbò yìí ló ń ya obìnrin yẹn nígbà náà. Wọn kì í sì kọ orúkọ sí i."

Síbẹ̀, Kàsímù kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, níbi tí ẹ̀dà àwọn àwòrán tó ti tẹ̀ rí wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Akọ̀wé ìjọba ni Odùbánjọ kó tó fẹ̀yìn tì. Jakande ló ń dá gbé láti ọdún mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìrètí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Bí ó bá pe bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í ju "Ṣé ara le?" "Ara le" lọ. Ó tán nìyẹn. Iyàrá á sì tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Odùbánjọ ń wá ohun tí yóò fi pe ọmọ náà, ohun tó máa ju ìkíni lọ.

Àwòrán yẹn ló wá sí i lọ́kàn, nítorí òun gan-an ló bà á jẹ́. Ọdún kan tí òjò ń rọ́ wọlé láti ojú fèrèsé tó fọ́, ó já a lára ògiri, ó ká a, ó fi dí ihò náà. Nígbà tí Ìrètí ti iléèwé dé, tó bú sẹ́kún, bàbá rẹ̀ ní, "Ṣebí bébà ni." Ọmọ náà kò ya nǹkan kan mọ́ níṣojú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Kàsímù tẹ mẹ́ta jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Nínú gbogbo wọn, obìnrin náà dúró gbọn-in níwájú iná, ó ń fi rọ́bà da omi.

"Èwo ni tọmọ yín níbẹ̀?"

Odùbánjọ wò wọ́n títí. Ojú tì í. Kò mọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ ọlọ́mọ. Ó bọ́ síta, ó pe Ìrètí.

"Dádì, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Àwòrán panápaná tó o yà nígbà yẹn, mo rí mẹ́ta níbí. Èwo ni tìẹ?"

"Kí ni obìnrin náà ń ṣe nínú wọn?"

"Ó ń paná."

"Kò sí tèmi níbẹ̀ nìyẹn. Tèmi ti paná tán. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gbàgbé ìkejì."

"Kí ló dé tó o fi yà á báyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń jókòó tẹ́ ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin ni mo ń wò tí mo fi yà á."

Odùbánjọ fara ti ògiri. Ó rántí ẹnu ọ̀nà yẹn, ó rántí àárẹ̀ náà. Kò rántí pé ẹnì kankan wà nínú iyàrá tó ń wo òun.

"Dádì, ẹ ò wò ó rí, àbí?" Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀.

"N ò wò ó," ó ní.

Ìrètí kò pa fóònù. Odùbánjọ náà kò pa tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì bo etí kejì nítorí ariwo títì, kí ó lè máa gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí.