Àwọ̀ Tí Fóònù Kò Lè Kà

"Orúkọ mi wà níbẹ̀," Yésúfù tún sọ. Ó na fóònù rẹ̀ sí Kàúsárà kí òun náà lè gbọ́ ọ. Ohùn inú fóònù ń ka orúkọ lọ, ó dé Yésúfù Adéfowókàn, ó kọjá sí ti ẹlòmíràn.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ògìjó ló ń wá àwọn tí yóò máa dá oníbàárà lóhùn. Yésúfù kò ríran mọ́, fóònù ló ń kàwé fún un. Bó ṣe gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lára àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó rò pé wọ́n ti gba òun, ó yọ̀ǹda ìsọ̀ tó ti ń ta obì ní Ṣàgámù fún ẹlòmíràn, ó gba Ògìjó lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló wo fóònù rẹ̀ tó ní pupa ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀, wọn kò sì gba àwọn tí orúkọ wọn pupa. Ó wá sí Ìlíṣàn, sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ojú-ewé tí orúkọ náà wà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

Kàúsárà ti kọ́kọ́ pín orúkọ náà sí abẹ́ àkọlé méjì: àwọn tí a gbà, àwọn tí a kò gbà. Fẹ́mi ọ̀gá rẹ̀ ló ní kò dùn ún wò, kó da gbogbo wọn pọ̀, kó fi àwọ̀ ewé àti pupa yà wọ́n. Kàúsárà ṣàlàyé fún un pé ojú nìkan ló ń rí àwọ̀. Fẹ́mi bi í pé afọ́jú wo ló fẹ́ wá a wá. Kàúsárà ṣe bó ṣe wí.

Ní báyìí, Kàúsárà yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó dá àwọn àkọlé náà padà. "Ẹ jẹ́ kó tún un kà, sà."

"Àkọlé," ni fóònù wí. "Àwọn tí a kò gbà." Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ rẹ̀.

Yésúfù gbọ́ ọ tán. "Ṣé ẹni tí mo fún ní ìsọ̀ á jẹ́ kí n padà?"

"N ò mọ̀, sà."

Kàúsárà mú un lọ́wọ́ dé títì, ó bá a dá ọ̀kadà dúró. Nígbà tó wọlé, Fẹ́mi ti wà nídìí kọ̀ǹpútà tí Kàúsárà fi ń ṣiṣẹ́.

"Ilé-iṣẹ́ yẹn ti pè. Wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ ló wu àwọn."

Kàúsárà dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi pa àkọlé méjèèjì rẹ́. Fẹ́mi dìde, ó ní kó máa bá ojú-ewé ilé ìwòsàn kan tó wà nílẹ̀ lọ.

Ó jókòó, ó ṣí i.