Iná Ọ̀nà Yàrá Ifor

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé wa dá débi tí a ó fi máa tan iná fún ara wa, tí a ó sì tún máa pa á fún ara wa. Bí Idwal ṣe wà nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́rú náà. Ó tẹ súìṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, iná ọ̀nà tàn. Ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà tóóró náà kọjá, ó wọ yàrá tuntun, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ súìṣì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, iná ọ̀nà kú. Ó dìde, ó padà sí kíṣìnnì, ó tún un tẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ń ṣe. Òjò ń rọ̀ sórí òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo òrùlé, bó ṣe máa ń rọ̀ ní ìlú kékeré Bryn Eithin láti ìgbà tí ewé bá ti ń wọ́, kẹ́tù ń hó lórí sítóòfù, òun nìkan ni wọ́n sì jọ ń ṣe é fún.

Idwal Oníná ni gbogbo ìlú ń pè é. Idwal Oníwàrà wà, Idwal Alágùntàn náà wà, orúkọ bàbá kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí èkejì. Idwal Oníná, ẹni tó fa iná sí ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn akọrin lè rí ìwé orin wọn. Idwal tí ń gun àjà ilé opó láìgbowó. Idwal a-fi-tọ́ọ̀ṣì-sẹ́nu kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn Nesta, ìyàwó rẹ̀, le, ó pa iṣẹ́ tì, ó jẹ́ kí ìwé àṣẹ rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nesta pàápàá ti kú báyìí. Ọwọ́ Idwal ṣì mọ iṣẹ́, àmọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́.

Ilé mọ́tò ni yàrá tuntun yẹn tẹ́lẹ̀. Ifor ló tún un ṣe fún, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu Ifor lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó mú apá ọ̀tún rẹ̀ lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ pátápátá. Ilé ìtọ́jú kan létí òkun ló wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, nọ́ọ̀sì á gbé fóònù sí i létí. Idwal á fi fóònù tirẹ̀ sí etí tó ṣì ń gbọ́ràn, á máa sọ̀rọ̀ òjò, á máa sọ̀rọ̀ ẹni tó kú àti ẹni tó ta àgùntàn. Èémí nìkan ló ń gbọ́ padà. Nígbà mìíràn Ifor á fi èékánná kan fóònù, kó, kó, kó, Idwal á sì ní, "Mo gbọ́ ẹ, àbúrò mi. Mo gbọ́ ẹ."

Àwọn ará ilé ìtọ́jú ti sọ ọ̀rọ̀ wọn. Bí káńsù ìbílẹ̀ bá fọwọ́ sí yàrá náà kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Ifor ń bọ̀ nílé. Bí káńsù kò bá gbà á, wọn ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ń gbé àwọn tí kò ní padà sílé mọ́. Káńsù kò sì ní gbà á láìjẹ́ pé aláyẹ̀wò iná kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Delyth ni wọ́n rán wá, ọmọ Beti tó ń ta sítáǹbù nílé ìfìwéránṣẹ́ nígbà kan.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Idwal. Ṣé tíì wà?"

"O ò tíì bọ́ kóòtù òjò, o ti ń bèèrè tíì. Ọmọ Beti ni ẹ́ lóòótọ́."

"Ìyá mi ní ẹ̀yin lẹ mu tíì ilé wa tán nígbà tí ẹ ń fa wáyà wa. Ẹ̀san ni mo wá gbà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Idwal. Ohùn ẹ̀rín náà ṣàjèjì létí òun fúnra rẹ̀.

Delyth kúnlẹ̀, ó tú sókẹ́ẹ̀tì kan, ó ki irin ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, "Ó dáa." Ó bọ́ sí òmíràn, ó tún ní, "Ó dáa." Idwal dúró tì í lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tó bá ti ní ó dáa, ó máa ń dà bíi pé ọkọ̀ tó gbé Ifor ti tún sún mọ́ ilé díẹ̀ sí i.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ ń mí sí mi lọ́rùn."

"Mi ò sọ nǹkan kan o."

"Mímí yẹn gan-an ló ń sọ̀rọ̀."

Iná ọ̀nà ló kù. Delyth tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ó gbójú sókè wo gílóòbù rẹ̀, ìkan kékeré báyìí tí kì í jẹ iná. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó yọ gílóòbù ńlá ayé àtijọ́ kan jáde, irú èyí tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ọdẹ ni. Òun ni mo fi ń dọdẹ iṣẹ́ àwọn oníná ìgbà tiyín."

Ó pààrọ̀ gílóòbù, ó tẹ súìṣì. Ọ̀nà mọ́lẹ̀ yòò, kó tó di pé ojú ṣẹ́, "Tá!" ni súìṣì ààbò inú bọ́ọ̀dù tuntun tí Idwal fi pín iná yàrá náà wí, gbogbo iná yàrá Ifor sì kú.

Delyth yíjú sí Idwal.

"Bàbá Idwal, níbo lẹ ti mú wáyà àlọ?"

"Bọ́ọ̀dù tuntun."

"Àbọ̀ ńkọ́?"

Idwal nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ti kíṣìnnì ló wà nítòsí."

"Ẹ yá àbọ̀."

"Gbogbo wa la máa ń yá àbọ̀! Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ yá àbọ̀. Ilé wo ló wà ní ìlú yìí tí iná àtẹ̀gùn rẹ̀ kò yá àbọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Èmi ni mò ń bá wọn tú u."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò lè jiyàn. Iná tó bá gba wáyà àlọ jáde nílé kan, ilé náà ló yẹ kó gba wáyà àbọ̀ padà sí. Èyí tí Idwal ṣe yìí, iná ń ti bọ́ọ̀dù tuntun jáde, ó ń gba wáyà àbọ̀ kíṣìnnì padà. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ kì í bèèrè ẹni tó bọ̀ àti ẹni tí kò bọ̀, ṣùgbọ́n tuntun a máa ka iye tó jáde mọ́ iye tó wọlé, bí wọn kò bá sì dọ́gba, á tilẹ̀kùn. Gílóòbù kékeré ni kò jẹ́ kó tètè fura. Bí ẹnì kan bá sì pa iná kíṣìnnì lọ́jọ́ kan, tó rò pé wáyà ti kú, tó di àbọ̀ yẹn mú, iná yàrá Ifor á gba ara rẹ̀ kọjá. Idwal mọ gbogbo èyí. Ọwọ́ rẹ̀ ló dá iṣẹ́ náà ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà èwe, ọkàn rẹ̀ wà létí òkun.

"Kò le rárá," ni Delyth wí, ó ti rí ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká yọ súìṣì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò. Kí iná ọ̀nà di ti kíṣìnnì nìkan, àlọ àti àbọ̀. Mo lè fọwọ́ sí i kí n tó lọ jẹun ọ̀sán."

"Rárá."

"Bàbá, ọ̀nà tí kò gùn tó mọ́tò kan, kí lẹ fẹ́ fi súìṣì méjì ṣe? Ọjọ́ Ẹtì mà ni ọ̀tunla."

"Ifor ò lè pè mí." Idwal jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, bí ìrora bá mú un, ohùn wo ni yóò fi pè? Iná yẹn ni. Kíṣìnnì ni mò ń jókòó sí. Tó bá tẹ̀ ẹ́, mo máa rí i."

"Agogo ńkọ́? Wọ́n ń tà á, ó máa ń dún gan-an."

"Nesta pè mí láti yàrá òkè lọ́jọ́ tó kú. Kẹ́tù ń hó, rédíò ń sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́." Ó fọwọ́ ra aṣọ ìbora tó tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ojú mi ṣì dáa. Etí ni mi ò gbẹ́kẹ̀ lé mọ́."

Delyth wo àjà ọ̀nà náà, bí Idwal ṣe rẹ́ ẹ tó ń dán, bó ṣe kùn ún ní funfun. "Ẹ máa là á nìyẹn. Mi ò sì gbọdọ̀ bá yín fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kì í bá wọn ṣe é. Mo ní ilé kan ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, tí mo bá ti ibẹ̀ dé mo máa yà. Ẹ má bò ó kí n tó rí i o."

Ilẹ̀kùn pa dé. Idwal gbé àkàbà wá. Kò sí ẹni tó máa bá a dì í mú, ó fi ògiri tì í. Ó gbé òòlù sókè, ó dúró díẹ̀, ó wá fọ́ àjà tó ti fi ìrora ọrùn rẹ́. Ẹfun bò ó lójú, ó bò ó lórí, ó dà bí ẹni tó ti inú yìnyín dé. Ó fa wáyà àbọ̀ tuntun láti bọ́ọ̀dù, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ láàárín igi àjà, bí apá bá ro ó, á sọ̀ kalẹ̀ jókòó, á tún gùn ún. "Àlọ ire, àbọ̀ ire" ni Nesta máa ń ṣe fún un lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ń sọ ọ́ sára wáyà náà báyìí, ó sì di àdúrà sí i lẹ́nu: Olúwa, ẹni tó ti lọ, jẹ́ kó bọ̀. Jẹ́ kó gba ọ̀nà ara rẹ̀ bọ̀.

Ọ̀sán òtútù kì í pẹ́ ṣú. Ojú ọjọ́ ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn òkè nígbà tí Delyth dé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò àjà, ó tọ wáyà náà dé orísun rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó fi gílóòbù ńlá síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Iná tàn, ó dúró.

"Ó dáa," ni ó wí.

Ó kọ ohun tó yẹ kó kọ, ó jẹ bara brith, búrẹ́dì eléso tí Idwal gé fún un, ó ní káńsù á rí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, àti pé ọjọ́ Ẹtì kò lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó wọ kóòtù òjò rẹ̀.

"Kí Ifor bá wa dé láyọ̀, Bàbá. Ẹ lọ fọ orí yín, ẹ̀rù á bà á."

Idwal kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lọ jókòó sórí àga rẹ̀ ní kíṣìnnì, ó kọjú sí ọ̀nà tóóró tó ṣókùnkùn náà.

"Delyth."

"Bàbá?"

"Èmi nìkan ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, mi ò sí níbí láti rí i." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kó o bá mi tẹ iná náà lẹ́ẹ̀kan."