Òfin Kẹ̀kẹ́ Táòfíkì

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun gun kẹ̀kẹ́ Gbémiròkè lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì wu òun láti tún gùn ún, irọ́ ló ń pa, ẹ má dá a lóhùn. Kẹ̀kẹ́ ńlá onígi àti irin ni, Táòfíkì ló ni ín, ó sì máa ń gbé e wá sí pápá Ìsọlọ̀ ní gbogbo ọdún Iléyá. Àpótí mẹ́rin ló so kọ́ ọ, ènìyàn á jókòó sínú wọn, Táòfíkì á máa fi ọwọ́ yí i, wọ́n á máa gòkè, wọ́n á máa sọ̀. Àgbà ọkùnrin á bì sára aṣọ ọdún, á búra pé ó di ọjọ́ àlùkìyámọ̀ kí òun tó tún gùn ún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó tún rí i lórí ìlà, owó lọ́wọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni Táòfíkì ní, ó sì máa ń pariwo rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi há: “Ẹ̀yin ìsàlẹ̀, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ àfi tí mo bá ní kí ẹ sọ̀! Ẹ̀yin lẹ di ẹni òkè mú o! Bí ìsàlẹ̀ bá fúyẹ́, òkè á já wá!”

Ọmọ́níkẹ́, ìyàwó Sàláwù alápatà, mọ òfin yìí bó ṣe mọ Fátíhà. Kò sí Iléyá tí kì í yọ́ wá gun kẹ̀kẹ́ náà. Lókè níbẹ̀ ara rẹ̀ á fúyẹ́, á rí èéfín ọkọ̀ ojú irin lápá Òṣòdì, á rí ọ̀nà Èjìgbò bó ṣe gba inú igbó lọ, á sì rí òrùlé ilé ọkọ rẹ̀ tó kéré bí ìdérí ìkòkò. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè tó o níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń wá.

Nítorí Sàláwù ń lù ú. Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ó ń lù ú lálùbami. Ó ti ta á nípàá nínú rí, oyún oṣù mẹ́rin wálẹ̀, ó sì sọ fún ará ilé pé ó ṣubú nídìí kànga ni. Lọ́dún tó kọjá tó gbọ́ pé ó gun kẹ̀kẹ́, ó yí ìka rẹ̀ méjì títí wọ́n fi dún. “Obìnrin ilé mi kò ní gòkè kí àwọn ọkùnrin máa wo abẹ́ ìró rẹ̀,” ló wí. “Dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo ṣe ń pa àgbò ni n ó ṣe pa ọ́.”

Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì Iléyá, lọ́dún tó ṣáájú òmìnira, Ọmọ́níkẹ́ wé gèlè, ó lọ. Ṣé orí rẹ̀ dàrú ni? Rárá o. Ó rò pé ọkọ òun á máa bá àwọn ènìyàn pa àgbò káàkiri títí di ìrọ̀lẹ́ ni.

Ọ̀sán gangan ni, wọ́n ń dín ẹran nílé, ìlà kò gùn. Ìyá Mọ́nsúrátù tó ń ta epo, tó sanra tó ènìyàn méjì, jókòó sínú àpótí kan. Ọmọ́níkẹ́ wọ èyí tó kọjú sí tirẹ̀. Méjì yòókù ṣófo. Táòfíkì yí wọn títí, Ìyá Mọ́nsúrátù ń ké “Yéè, inú mi o!”, ó sì ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ dé òkè pátápátá, ó bẹ Táòfíkì pé kó jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀ níbẹ̀. Táòfíkì fi okùn so kẹ̀kẹ́ mọ́ èèkàn. Ibẹ̀ ló wà tó fi rí Sàláwù tó ń bọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ àgbò ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀bẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́.

“Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi!” ló sọ fún Táòfíkì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ju ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Ọdún la wà, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é.”

Ìdí ọ̀bẹ ni Sàláwù fi gbá a lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sínú iyanrìn. Bí Táòfíkì ṣe ṣubú ló tún tẹ̀ ẹ́ nínú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkùnrin kan sáré wá dì í mú lẹ́yìn, Sàláwù fi ọ̀bẹ là á lápá, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, òun náà fẹsẹ̀ fẹ. Gbogbo pápá fọ́n ká. Sàláwù wá gé okùn.

Kẹ̀kẹ́ kò mì. Sàláwù rọ̀ mọ́ irin lápá ọ̀tún, ó ń fà á wálẹ̀, kò lọ, Ìyá Mọ́nsúrátù ti di ìsàlẹ̀ mú bí ọlọ. Sàláwù kò gun kẹ̀kẹ́ náà rí láyé rẹ̀, kò mọ ohun tó dì í mú. “N ó dúńbú rẹ lónìí!” ló ń ké. “Ọmọ́níkẹ́, o ò ní jẹ ẹran ọdún yìí tán!”

Ẹ̀rù ba Ọmọ́níkẹ́ títí ìtọ̀ fi ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé pípa ni yóò pa òun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó wo ìsàlẹ̀. Ó rí Ìyá Mọ́nsúrátù tó di etí àpótí mú. Ó rí ibi tí Sàláwù dúró sí gẹ́lẹ́. Ó sì rántí òfin Táòfíkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó fi apá méjèèjì kọ́ irin, ó ké sísàlẹ̀: “Ìyá Mọ́nsúrátù, ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sá lọ! Ẹ má jẹ́ kó pa yín nítorí tèmi!”

Ìyá Mọ́nsúrátù kò dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Ó bẹ́ jáde. Kẹ̀kẹ́ ké, ó yí gbìì sápá ibi tí Sàláwù ń fà á sí. Àpótí òfìfo ló kọ́kọ́ dé, ó gbá a léjìká, ó dà á bolẹ̀. Bó ṣe fẹ́ fi orúnkún dìde, àpótí Ọmọ́níkẹ́ já wá, ó bà á ní ọ̀pá ẹ̀yìn nídìí ọrùn. Ọmọ́níkẹ́ gbọ́ egungun náà tó fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Apá òsì òun náà ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, inú rẹ̀ sì dùn. Háà, inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

Sàláwù kò kú. Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé e sí dé ilé, láti ọrùn wálẹ̀ kò mọ̀ pé òun ní ara mọ́. Ẹni tó ń to egungun yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti kọjá òun. Ìyá Mọ́nsúrátù ní tirẹ̀ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé: “Ẹ ò rí ọmọ yìí? Ikú ń wá a bọ̀, tèmi ló ń rò! Ọmọ tó gbẹ̀kọ́!” Àwọn ìyá àgbà wá ń ṣàdúrà fún un, Ọmọ́níkẹ́ ń ṣe àmín. Ojú ń tì í.

Lọ́jọ́ kẹfà, bó ṣe ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ mímu sí Sàláwù lẹ́nu, ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. “Ìwọ lo ní kó sọ̀ kalẹ̀.”

“Èmi ni.”

“O mọ̀ pé yóò já?”

“Mo mọ̀.”

Ojú Sàláwù pọ́n. Ọmọ́níkẹ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ọn. “Ó yá, gbá mi. Ṣebí ọkùnrin ni ọ́? Gbá mi!” Ìka kan kò mì. Síbẹ̀, ara Ọmọ́níkẹ́ dédé fò sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ dà sórí ẹní. Ó bú sẹ́kún, inú bí i, ó ju ṣíbí nù, ó sì kọrí sí pápá.

Ẹ wá wo ọmọ aráyé! Ìlà ti gùn ju ti ọdúnkọ́dún lọ. Wọ́n wá láti Òṣòdì, wọ́n wá láti Èjìgbò, gbogbo wọn ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ tó ṣẹ́ alápatà lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára igi. Ọmọ́níkẹ́ tò sẹ́yìn wọn, ó gbé apá kọ́ ọrùn. Bí òun bá ṣáà dé òkè, ara òun á balẹ̀.

Ó kan án. Táòfíkì fi ọwọ́ dá a dúró.

“Ọlọ́pàá bi mí,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣì wú. “Mo ní ẹni tó gé okùn ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí n ó fi kú. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí o ké lókè, ìwọ kò ní gun kẹ̀kẹ́ mi mọ́.”

“Táòfíkì, nítorí Ọlọ́run! Òun nìkan ni mo ní.”

“Tí o bá wà lókè níbẹ̀, tí inú tún bí ọ, ta ni yóò wà nísàlẹ̀?”

Ọmọ́níkẹ́ wo àpótí ìsàlẹ̀. Ìyá Mọ́nsúrátù ti jókòó sínú àpótí, ó ń juwọ́ sí i. “Ọmọ mi, wá jókòó tì mí! Èmi ni n ó sanwó rẹ!”

“Ẹ ṣeun mà,” Ọmọ́níkẹ́ dáhùn. “Orí ló ń fọ́ mi.”