Fáìlì Kan Tó Ń Jẹ́ Bísíkíìtì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé nǹkan, ẹ sọ fún un pé Olúkẹ́mi ní irọ́ ló ń pa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú ọ̀kan nínú páálí sí ọ́fíìsì owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa ni mo ti ń bá a jókòó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá kọ́ mi.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀gbẹ́ni Kọ́mọláfẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè àfi bí ìṣirò bá dàrú. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ellen, tó ń ṣe tísà ní Ìkẹ́nnẹ́, pẹ́ kí wọ́n tó rí ọmọ. Nígbà tí Ọlọ́run dá wọn lóhùn, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ìfẹ́olúwapọ̀. Ọ́fíìsì wa ni ọmọ náà máa ń dúró sí lẹ́yìn ilé-ìwé. Asher, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà, kì í wọlé láìmú bísíkíìtì dání fún un, ìdí nìyẹn tí Ìfẹ́ fi sọ ọ́ ní Bọ̀dá Bísíkíìtì. Èmi tí mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ bá a di irun tó tú, kò fún mi lórúkọ kankan. Tí mo bá ṣe bí ẹni ń bínú, á bú sẹ́rìn-ín.

Ibà ló mú un ní 1996. A gbé e lọ sí ọsibítù, a gbé e padà lókùú.

Kí á tó ta pútú, ìyá ọ̀gá mi ti dé láti Òde Rẹ́mọ. Ó kó gbogbo àwòrán Ìfẹ́ tó wà nínú ilé, ó sun wọ́n lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí ọmọ bá kú mọ́ òbí lójú, àwọn àgbà wa kì í jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wà níbi tí ìyá rẹ̀ yóò ti máa wò ó. Ellen di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin fà á kúrò.

"Mè í ṣe ìkà, Ellen," ni ìyá àgbà náà ń wí, tí omijé ń bọ́ lójú òun náà. "Ẹni ó bá ń wo àwòrán òkú ọmọ, ẹkún rẹ̀ è í tán."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe Ellen ní Màmá Ìfẹ́ mọ́. Ó di Tísà fún gbogbo wa.

Àwòrán kan ló mórí bọ́, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ kò sí nínú ilé. Asher ti fi síkánà, ẹ̀rọ tó ń ya ẹ̀dà àwòrán, gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi nígbà ayé ọmọ náà, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Láràárọ̀ ni ọ̀gá mi máa ń ṣí i, láràárọ̀ ló sì máa ń sunkún, tí ìwé owó oṣù àwọn olùkọ́ yóò máa wò ó níran. Nígbà tó yá, ó bẹ Asher lójú mi.

"Bá mi gbé e síbi tí ọwọ́ mi kò ní tètè tó. Má ṣe sọ ibẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jù ú nù."

Asher gbé e pamọ́, ó yí orúkọ rẹ̀ padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba Amẹ́ríkà lọ láti kàwé. A kọ lẹ́tà sí i títí, a kò rí èsì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò 1998, Ellen wọ ọ́fíìsì wa lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀. Kíláàsì ló ti sá wá. Ó dúró níwájú tábìlì ọkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ kí mi.

"Dádì, mi ò rántí ojú ọmọ mi mọ́," ló wí. "Mo rántí ohùn rẹ̀. Mo rántí bùbá rẹ̀. Tí mo bá ní kí n wo ojú rẹ̀, ojú ọmọ kíláàsì mi ni mò ń rí."

Mo ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú dúrọ́ọ̀, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú tèmi. Ọ̀gá mi dìde, ó fà á mọ́ra níwájú mi, ohun tí kò ṣe rí. Ibẹ̀ ló ti sọ fún un pé àwòrán kan ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ṣùgbọ́n òun kò mọ yàrá tó wà.

Ṣé ẹ mọ bí inú kọ̀ǹpútà ṣe rí? Fódà, ìyẹn àpò tó ń kó fáìlì sí, á wà nínú fódà, òmíràn á tún wà nínú ìyẹn, bí ilé alágbo-ilé tí ìyẹ̀wù ń bí ìyẹ̀wù. Ọ̀gá mi ti fi gbogbo orúkọ tó mọ̀ wá a: Ìfẹ́, oríkì ọmọ, orúkọ tí ìyá àgbà sọ ọ́. Kò rí i. Ó wá ní òun yóò kọ màkró nínú Excel tí àwa fi ń ṣírò owó, kí ó máa wọ fódà kọ̀ọ̀kan lọ, kí ó sì to orúkọ gbogbo fáìlì tó bá rí, àti bó ṣe tóbi tó, sórí ṣíìtì. Màkró náà ni àṣẹ tí èèyàn kọ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè máa dá ṣiṣẹ́. Ó yá ìwé kan ní láíbúrì, ó ń kà á nígbà oúnjẹ ọ̀sán.

Èyí tó kọ́kọ́ kọ, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó to ohun tó wà ní pálọ̀ nìkan, ó ní òun ti parí. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀lẹ ni ẹ̀rọ yín yìí o." Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Èkejì wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ìyẹ̀wù kan, kò mọ ọ̀nà tó fi máa padà wá wọ èyí tó kù. Ọ̀gá mi ronú sí i títí. Ó wá ní kí ẹ̀rọ náà máa kọ orúkọ gbogbo fódà tó bá fojú kàn sí ìsàlẹ̀ ṣíìtì ná, kí ó tó máa wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé bí àwa obìnrin ṣe ń gbálẹ̀ ilé ńlá nìyẹn, kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni èyí ṣiṣẹ́. Orúkọ ń já bọ́ sórí ṣíìtì, ọ̀kan lórí èkejì, a sì ń wò wọ́n. Oòrùn ti rẹlẹ̀ lẹ́yìn igi ọ̀pẹ. Bó bá ti wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi wa, ìyẹn Sátidé, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìjọ wa kì í sì fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ títí oòrùn ọjọ́ kejì yóò fi wọ̀. Mo ti di báàgì mi. Àfi bí ọ̀gá mi ṣe lọgun.

Nínú fódà owó oṣù àtijọ́, nínú fódà mìíràn tó wà nínú rẹ̀, nínú òmíràn tó tún wà nínú ìyẹn, fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ BISIKIITI.

Àwa méjèèjì sunkún. Èmi ni mo kọ́kọ́ nu ojú.

"Ẹ ṣí i, sà."

"Kí n rí i kí ìyá rẹ̀ tó rí i?" Ó wo ojú fèrèsé. "Olúkẹ́mi, bí mo bá ṣí i nísinsìnyí, n kò ní lè dìde. Ọjọ́ Ìsinmi yóò wọlé bá mi nídìí kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi àti Ellen á jọ ṣí i."

Bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó kó ṣíìtì tó ṣiṣẹ́ lé lórí sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń gbé fáìlì kiri, ó fi í sí àpò. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré lọ sílé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà lára ògiri.

N kò rí Ọjọ́ Ìsinmi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ellen wọ aṣọ àlà, ó ń dì mọ́ èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń ṣàlàyé fún mi bí eyín ọmọ náà ṣe yọ, ibi tó ti ju eyín ọ̀hún sórí òrùlé. "Dádì Ìfẹ́," ló ń pe ọkọ rẹ̀, ní gbangba, láàárín ìjọ, tí ọkùnrin náà sì ń dáhùn.

Lọ́sàn-án ni òjò dé. Àrá kan sán tí gbogbo wa fi dọ̀bálẹ̀ sáàárín bẹ́ńṣì. Iná lọ, kò sì padà ní gbogbo alẹ́ náà.

Ní Sọ́ńdè, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ellen jókòó sí àga mi, pẹ̀lú aṣọ àlà náà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá mi tẹ ẹ̀rọ, kò jí. Ó tún un tẹ̀. Òórùn rọ́bà tó jóná gba inú yàrá. A ránṣẹ́ pe Àlíyù, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣàgámù. Ó tú u, ó tànmọ́lẹ̀ sí i, ó mi orí.

"Ẹ má bínú, sà. Àrá ló gba ojú wáyà wọlé. Ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ti jóná. Kò sí ohun tó lè jáde níbẹ̀ mọ́."

Inú bí mi sí Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́. Ẹni tó bọlá fún ọjọ́ rẹ, ṣé irú èyí ló yẹ kó rí gbà? N kò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn.

Ellen kò sunkún. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwòrán náà sí. A gbé dísíkẹ́ẹ̀tì náà lọ sí láíbúrì, níbi tí kọ̀ǹpútà wọn ti mórí bọ́. Ọ̀gá mi ṣí ṣíìtì náà, ó wá a dé ibẹ̀. Ellen fi ìka kan orúkọ náà lára gíláàsì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Kí ni nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí?"

"Bí àwòrán náà ṣe tóbi tó," ni mo fèsì.

Ó yọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.

"Olúkẹ́mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ká ní Dádì rántí kó o sínú èyí lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú orúkọ tó kó yìí, ṣé ìbá gbà á?"

Ọ̀gá mi wo ilẹ̀. Àwòrán náà kò tó ìdajì ohun tí dísíkẹ́ẹ̀tì lè gbà. Òun mọ̀, èmi náà mọ̀. Mo rí i tó fẹ́ la ẹnu.

"Kò lè gbà á, Màmá Ìfẹ́," ni mo wí kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ó ti tóbi jù."

Ellen mi orí pé òun gbọ́, ó dá dísíkẹ́ẹ̀tì padà fún ọkọ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n jọ rìn jáde. Ọ̀gá mi kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo sì gbọ́ tí Ellen ń wí fún un pé, "Ó tó, Dádì. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."