Ẹni Tó Kù Sínú Òjò

Kẹ́kẹ́kẹ́, gbẹ́ẹ̀ẹ̀: ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé baba Láoyè ni, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìkìrun ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bàbá ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ó ń pe ẹbí wọlé. Òjò ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Bàbá ní kí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Àlàdé gba ọ̀tún. Wọ́n wọlé. Ó ní kí gbogbo ẹni tí kì í jẹ́ Àlàdé gba òsì. Àwọn náà wọlé.

Ọmọbìnrin kan ṣẹ́ kù. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ni, irun rẹ̀ sì ti funfun. Ẹ̀gbọ́n Láoyè ni, tó kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé.

Láoyè kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kó tó bínú. Ó béèrè pé ọ̀nà wo ni ẹ̀gbọ́n òun yóò gbà. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ dáhùn pé bóyá Àlàdé ni o, bóyá kì í ṣe Àlàdé ni o, òun kò mọ̀. Ẹni tó bá sì dá òun lójú nìkan ló ń wọlé.

Bàbá ní kò le, kí àwọn kúkú kọ "Kò sí" sí àyè orúkọ rẹ̀. Ilé di kóòtù. Gbogbo àga inú rẹ̀ kọjú sí Láoyè.

"Kò sí kẹ̀? Ọjọ́ mẹ́fà ni Ìyá fi fún un lọ́mú. Ohun tí a kò mọ̀ kì í ṣe ohun tí kò sí, Bàbá. Ìbéèrè yín ni kò pé."

"Ìlú òyìnbó ti là ọ́ lẹ́nu. Kí ni kí n wá béèrè?"

"Ẹni tí àyè orúkọ rẹ̀ ṣófo. Ẹ pè é lọ́tọ̀."

Bàbá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, kò tẹ̀ ẹ́. Omi ti mu ọmọ náà dé àyà. Ọmọ náà ló wo Láoyè, ó bi í pé:

"Ìwọ tó ń bá Bàbá jà, kí lo ti ṣe?"

Láoyè jí lójú oorun ní Kádíìfù, ní ìlú òyìnbó. Mórádékẹ́ àbúrò rẹ̀, tó ń to orúkọ ẹbí sórí kọ̀ǹpútà nílé, ti bi í láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ṣé kí òun pa ìlà kan tí kò lórúkọ rẹ́. Kò tíì fèsì. Kò wá awò ojú rẹ̀ kó tó tẹ èsì ránṣẹ́:

"Mórádékẹ́, má pa á rẹ́, má sì kọ nǹkan kan sí i. Bí o bá pe àwọn tó lórúkọ tán, pe ẹni tí àyè tirẹ̀ ṣófo. Ẹ̀gbọ́n wa ni."