Níyà Àáfáà Abdulmumini

Àáfáà Abdulmumini kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ojú òun ti ń ṣú. Bí àwọn òbí bá gbọ́ pé olùkọ́ kéwú ọmọ wọn kò ríran mọ́, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ síbòmíì, ilé kéwú ọgbọ̀n ọdún á sì tú ká. Ó ti há Kùránì sórí tipẹ́, etí ló kù tó fi ń kọ́ wọn.

Ọjọ́ tó sálámà sí ewúrẹ́ aládùúgbò, tó tún dúró gba èsì, ni àṣírí tú sí Ummu-Kulthum lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Táíwò Road. Dókítà tó mú un lọ bá ní iṣẹ́ abẹ ojú ni. Ummu-Kulthum bá pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì tó wà lókè òkun lórí wáásáàpù, Àáfáà jókòó tì í.

"Kí Bàbá máa bọ̀ ní Leeds," ni Abdulmateen wí. "Wọn kì í gba kọ́bọ̀ níbí."

"Lọ́wọ́ onílé ni wọn kì í ti í gbà á! Àlejò á sanwó," ni Husseinat dá a lóhùn láti Houston. "Ìwọ gan-an, eékún rẹ ńkọ́, oṣù mélòó lo ti ń retí dókítà?"

"Mẹ́sàn-án," ni Abdulmateen wí wẹ́lẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ kan ni lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń san inṣọ́ránsì lóṣooṣù, bíìlì tí wọ́n gbé wá nígbà tí mo bímọ, díẹ̀ ló kù kí n dá ọmọ padà fún wọn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Káàdì Bàbá wà níbí o," ni Ummu-Kulthum wí. Ọdún kẹta rèé tí Àáfáà ti ń san inṣọ́ránsì ìlera, owó tí kò ra àgbò kan lọ́dún. Ilé ìwòsàn tó yàn nítòsí ọjà Ipata ló máa kọ lẹ́tà fún un lọ sí ti ńlá.

Àáfáà mi orí. "N ò lè lò ó. Sàárà ni mo fi owó rẹ̀ ṣe. Níyà mi, ohun tí mo pinnu lọ́kàn, ni pé kí Ọlọ́run fi wo aláìsàn sàn. Ta ló ń gba sàárà rẹ̀ padà?"

"Ẹ gbà mí o, ta ló tún ń ṣe níyà sàárà lórí inṣọ́ránsì?" ni Husseinat wí.

Inú bí Ummu-Kulthum, omi sì lé sí i lójú. "Bàbá, owó tiyín ti lọ! Àwọn kan ti fi bímọ, àwọn kan ti fi wo ibà. Èyí tó kù níbẹ̀, ti àwọn ẹlòmíì ni. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ sàárà ṣe ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín náà!"

Lọ́jọ́ kejì Àáfáà gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ gba lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi dúró kí ó tó kàn án, ló bá ní Leeds náà ò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Ó gba wàláà àkọ́kọ́, pátákó tí àwọn ọmọ fi ń kọ Kùránì. Álífù, lẹ́tà àkọ́kọ́ inú kéwú, gùn lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gba ìkejì, ó gba ìkẹta: lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, ọ̀rọ̀ méjì péré ti gba pátákó tán.

"Kí ló dé tí ẹ ń kọ ọ́ báyìí?"

Hajarat tó kéré jù ló dáhùn. "Àwọn ìyá wa ló ní ká máa kọ ọ́ kó tóbi, Àáfáà, kí ẹ lè rí i."

"Láti ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a nígbà tí mo dé."